Kí Nìdí Tí Nọ́ńbà Fóònù Tuntun Fi Ń Pọ̀ Sí I? Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Nọ́ńbà àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Bí fóònù yín bá dún, tí ẹ rí i pé 0913 tàbí 0916 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tó ń pè, ṣé ẹ máa gbé e? Àwọn kan wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tí kì í gbé e. Wọ́n á ní 0803, 0802 àti 0805 làwọn mọ̀, pé èyí tó bá ti yàtọ̀ sí wọn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ti gbájúẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà tuntun kì í ṣe àmì gbájúẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé olóòótọ́ ló ni ín. Àjọ ìjọba kan ló ń pín àwọn nọ́ńbà yìí. Òfin wà tó de bí wọ́n ṣe ń pín wọn, bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n padà, àti bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n fún ẹlòmíì. Apá tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló kan àpò yín jù, torí owó tó wà ní báńkì lè bá a lọ.

Àlàyé náà nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí nọ́ńbà kan ṣe rí

Ẹyọ mọ́kànlá ló wà nínú nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Òdo tó ṣíwájú kàn ń sọ fún ẹ̀rọ pé inú Nàìjíríà níbí la ti ń pe ara wa ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín tó wà ní London tàbí Houston fi máa ń yọ òdo yẹn kúrò, tí á fi +234 rọ́pò rẹ̀. 234 ni nọ́ńbà Nàìjíríà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé. 229 ni ti Bẹ̀nẹ̀, 228 ni ti Tógò, 233 ni ti Gánà. Àjọ ITU, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń yàn án.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níwájú, bíi 0803, la lè pè ní orí nọ́ńbà. Méje tó kù ló jẹ́ ti ẹni tó ni láìnì. Ẹ fi orí àti méje yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí 038 ṣì wà

Kí GSM tó dé, ìlú ni orí nọ́ńbà máa ń tọ́ka sí. 01 ni Èkó, 02 ni Ìbàdàn, 031 ni Ìlọrin, 035 ni Òṣogbo, 036 ni Ilé-Ifẹ̀, 039 ni Abẹ́òkúta. Ti agbègbè tiwa ni 038, òun ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jọ ń lò. Ẹ ṣì lè rí i lára pátákó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tàbí lórí lẹ́tà tó ti pẹ́ nílé.

NITEL, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1985, ló ń bójú tó o. Nígbà náà, nọ́ńbà ò wọ́n, wáyà ló wọ́n. Nígbà tí GSM máa fi wọlé ní 2001, gbogbo láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ò pé mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní fóònù nílé, gbogbo àdúgbò ló máa ń wá gba ìpè lọ́dọ̀ rẹ̀.

GSM dé, orí nọ́ńbà yí padà

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, Àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni wọ́n ta ẹyọ kan. MTN, Econet àti M-Tel tó jẹ́ ti NITEL ló gbà á. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún aráàlú. Glo dé ní oṣù kẹjọ 2003. Etisalat bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2008.

Àjọ NCC wá fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orí tiẹ̀. Econet gba 0802, MTN gba 0803, M-Tel gba 0804, Glo gba 0805, Etisalat gba 0809. Láti ìgbà yẹn ni orí nọ́ńbà ò ti sọ ìlú mọ́, ilé-iṣẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó ra 0803 ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ẹni tó rà á ní Maiduguri, ọ̀kan náà ni nọ́ńbà wọn jọ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí 0803 bá jẹ́ orí, nọ́ńbà méje ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Láti 000 0000 títí dé 999 9999, mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ni. Kò lè lé ní ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́wàá dà bí ohun tí kò lè tán láéláé. Ṣùgbọ́n lónìí, MTN nìkan ní láìnì tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ní 2022, gbogbo láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní láìnì méjì tàbí mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní mílíọ̀nù 70 oníbàárà nílò orí méje, ó kéré tán, ká má tíì sọ ti síìmù tí wọ́n ti sọ nù.

Bí 0803 ṣe kún nìyẹn tí 0806 fi jáde, tí 0703 àti 0706 fi tẹ̀lé e, tó fi dé 0913 àti 0916.

Orí nọ́ńbà àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún

MTN: 0803, 0806, 0703, 0706, 0810, 0813, 0814, 0816, 0903, 0906, 0913, 0916. Ó tún ní 0704, tó jẹ́ ti Visafone kí MTN tó rà á.

Airtel: 0802, 0808, 0701, 0708, 0812, 0901, 0902, 0904, 0907, 0912. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló jẹ́ Econet, tó di Vmobile, tó di Celtel, tó di Zain, kó tó di Airtel ní 2010. Orúkọ yí padà léraléra, 0802 ò yí padà.

Glo: 0805, 0807, 0705, 0811, 0815, 0905, 0915.

9mobile: 0809, 0817, 0818, 0908, 0909. Òun ló ń jẹ́ Etisalat títí di 2017, ó sì ti di T2 ní 2025.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a sọ pé "tí wọ́n kọ́kọ́ fún". Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni òfin ti gbà pé kí èèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Nítorí náà, 0803 kan lè wà lórí Airtel lónìí, 0805 kan sì lè wà lórí MTN. Bí ẹ bá fẹ́ ra káàdì ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ bi í léèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò. Orí nọ́ńbà nìkan ò tó láti fi mọ̀.

Ọgbọ́n mẹ́ta tí ayé ń dá bí nọ́ńbà bá tán

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn orílẹ̀-èdè máa ń gbà yanjú rẹ̀. Ẹ fi wé agboolé tó kún, tí kò sí yàrá fún ìyàwó tuntun mọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n la agboolé sí méjì, kí wọ́n sọ apá kan ní orúkọ mìíràn. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tó wà ní apá kejì, nọ́ńbà wọn máa yí padà tipátipá. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní London nìyẹn ní 1990: 01 tí gbogbo ìlú ń lò di 071 fún àárín ìlú, 081 fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n di 0171 àti 0181. Ní 2000, wọ́n tún so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 020. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó ń ṣòwò ní Peckham tún pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ilé tó wà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí. Kóòdù tuntun á wọ agbègbè kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Ẹni tó ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀ á máa lo tiẹ̀ lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ló máa gba tuntun. New York ṣe é ní 1992, nígbà tí wọ́n gbé 917 wọlé tọ 212 lọ. Ní Houston, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, 713 ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n la ìlú sí méjì ní 1996, 281 jáde. Ní 1999, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 832 bo gbogbo rẹ̀. 346 tẹ̀lé e ní 2014. Ìyẹn ni ẹ ṣe lè rí tọkọtaya nínú ilé kan ṣoṣo ní Houston, tí kóòdù ọkọ yàtọ̀ sí ti ìyàwó.

Àléébù ọ̀nà kejì yìí kan ni pé aládùúgbò ò lè fi nọ́ńbà méje pe aládùúgbò mọ́. Ó ní láti tẹ kóòdù mọ́ ọn, torí nọ́ńbà méje kan náà lè wà lábẹ́ kóòdù méjì. Àjọ FCC tó ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ èyí di dandan. Àjọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń yan bóyá kí wọ́n la agbègbè sí méjì tàbí kí wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n á gbọ́ tẹnu aráàlú, wọ́n á sì fún wọn ní oṣù bíi mélòó kan tí títẹ̀ àtijọ́ àti títẹ̀ tuntun á jọ máa ṣiṣẹ́, kí ti àtijọ́ tó kú.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n fi kún gígùn nọ́ńbà gbogbo èèyàn. Èyí kan ọ̀pọ̀ yín tó ní ará lẹ́yìn odi. Côte d'Ivoire, níbi tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣe é ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2021. Nọ́ńbà wọn kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá. Nọ́ńbà alágbèéká ti Moov gba 01 síwájú, ti MTN gba 05, ti Orange gba 07. Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe tiwọn ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024: gbogbo nọ́ńbà wọn gba 01 síwájú. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà ará yín kan ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí kò lọ mọ́, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ ṣì kọ sílẹ̀. Ẹ tẹ +229, kí ẹ fi 01 sí i, kí ẹ wá tẹ mẹ́jọ yẹn.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Fún fóònù alágbèéká, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń kọ́. 0806 ò lé 0803 jáde nílé. Kò sì yọ wá lẹ́nu láti tẹ̀ ẹ́, torí láti ọjọ́ kìíní la ti ń tẹ mọ́kànlá pé pérépéré. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ti Amẹ́ríkà ń lọ ní agbègbè agbègbè, tiwa ń lọ ní ilé-iṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Fún fóònù orí tábìlì, wọ́n ti fi kún gígùn. Nọ́ńbà Èkó tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 tẹ́lẹ̀ ti di 0201, kí gbogbo nọ́ńbà lè jẹ́ mọ́kànlá. Bí ẹ bá ń pe nọ́ńbà oníbàárà báńkì kan tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, tí kò lọ, ẹ fi 0201 rọ́pò 01, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ má lọ máa wá nọ́ńbà báńkì kiri lórí Facebook. Ibẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ ń dúró sí.

Ta ló ń pín nọ́ńbà?

Àjọ NCC ni. Òfin 1992 ló dá a sílẹ̀, Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti 2003 ló sì fún un lágbára láti ṣètò nọ́ńbà, láti pín in, kó sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìlànà pàtó lórí nọ́ńbà jáde ní 2008.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ó máa kọ̀wé béèrè, ó máa fi hàn pé èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ ti ń tán lọ, ó sì máa san owó lórí nọ́ńbà tó bá gbà. Wọn ò kàn ń pín in bí ìrẹsì Kérésì, torí ohun tó lópin ni. Lẹ́yìn tí NCC bá ti fún un ní orí tuntun, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù gbọ́dọ̀ ṣí i sórí ẹ̀rọ tiwọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpè láti ọ̀dọ̀ wọn ò ní wọlé.

Kókó kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: nọ́ńbà kì í ṣe ohun ìní ilé-iṣẹ́, kì í sì í ṣe ohun ìní ẹni tó rà á. Ohun ìní orílẹ̀-èdè ni. Ẹ yá a lò ni. Bí ẹ ò bá lò ó, wọ́n lè gbà á.

Nọ́ńbà tí ẹ pa tì: ibi tí ewu wà

Bí láìnì kan bá pé oṣù mẹ́fà láìṣe ohun tó mówó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé wọn ò fi pe ẹnikẹ́ni, wọn ò fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, wọn ò fi lo dátà, ilé-iṣẹ́ lè tì í. Bó bá tún fi oṣù mẹ́fà mìíràn wà bẹ́ẹ̀, tó wá pé ọdún kan, nọ́ńbà náà lè bọ́. Wọ́n á gbé e sórí síìmù tuntun, wọ́n á tà á fún ẹlòmíì. Ẹ má gbójú lé e pé fóònù náà ṣì ń tàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní láìnì kan tó fi ṣí àkáǹtì báńkì ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Fóònù náà bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ ra òmíràn fún un pẹ̀lú láìnì tuntun. Wọn ò sọ fún báńkì. Lẹ́yìn ọdún kan àtoṣù díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra síìmù ní Ọ̀yọ́, nọ́ńbà ìyá yẹn ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò jalè, owó rẹ̀ ló fi rà á. Ṣùgbọ́n àlẹ́ẹ̀tì ìyá ń wọlé sórí fóònù rẹ̀. Bí báńkì bá fi kóòdù ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù ń lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ gidi, á dákẹ́ tàbí á lọ sọ fún báńkì. Bí kò bá jẹ́ ọmọ gidi ńkọ́?

Òun náà ní ìyà tiẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí olówó èlé ń wá lè ti lo nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá máa pe ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n á máa bú u.

Àwọn tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù ni àgbàlagbà tí wọ́n pààrọ̀ fóònù fún, akẹ́kọ̀ọ́ tó fi láìnì ilé sílẹ̀ nígbà tó wọ yunifásítì, ẹni tó rìnrìn-àjò lọ sókè òkun, àti olóògbé tí ẹbí ò tíì sọ fún báńkì pé ó ti kú.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Lákọ̀ọ́kọ́, bí láìnì kan bá wà tí ẹ ò fẹ́ pàdánù, ẹ máa fi pè, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá ń lọ sókè òkun, ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó lọ, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lè bá yín tọ́jú nọ́ńbà náà. Wọ́n máa ń gbowó lé e.

Lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹ bá máa fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní báńkì. Ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, kí wọ́n yí nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì àti lórí BVN padà. Lẹ́yìn náà ni WhatsApp, Facebook àti ti NIN.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí síìmù yín bá sọ nù, ẹ pe báńkì kí wọ́n dá àkáǹtì dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó lọ gba síìmù mìíràn lórí nọ́ńbà yín. Ẹ mú NIN dání. Láti oṣù kejìlá 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé gbogbo láìnì gbọ́dọ̀ so mọ́ NIN.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò bá dáa ní àdúgbò yín, kò dìgbà tí ẹ bá ra nọ́ńbà tuntun. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ "PORT" ránṣẹ́ sí 3232. Nọ́ńbà yín á bá yín lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn kóòdù tó jọra lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní 2023, NCC ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa lo kóòdù kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ lè kọ wọ́n síbì kan:

300: láti bá òṣìṣẹ́ oníbàárà sọ̀rọ̀
*310#: láti mọ owó tó kù
*311#: láti kó káàdì wọlé
*312#: láti ra dátà
*323#: láti mọ dátà tó kù
*303#: láti yá káàdì
*996#: láti mọ̀ bóyá NIN yín ti so mọ́ láìnì yín
2442: láti dá ọ̀rọ̀ ìpolówó dúró
112: fún pàjáwìrì

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn wọ́n, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622, tó jẹ́ nọ́ńbà NCC. Wọn kì í gbowó ìpè lórí rẹ̀.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín, kí wọ́n bá ìyá àti bàbá wò ó lónìí: nọ́ńbà wo ló wà ní báńkì, ṣé síìmù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn?